Àmì Méjì Ara Rọ̀kíbátù

Bí ẹ bá dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ béèrè ohun tó ṣe Rọ̀kíbátù tó ń yan ẹja, ìtàn tí ẹ máa gbọ́ á pọ̀ ju ẹja orí àtẹ lọ. Ẹnì kan á ní wọ́n fi nǹkan ràn án ni. Ẹlòmíì á ní dókítà ló pa á. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù sínú ọ̀sà. Èmi Adéòjó ni mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni mí kí ọkọ náà tó kú, èmi ni mo dúró bíi bàbá fún ọmọ rẹ̀, èmi náà ni mo mú un lọ sí ọsibítù. Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí dókítà kọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa tí wọn kì í kọ́kọ́ gbé wá sọ́dọ̀ mi. Ìwé pélébé inú páálí oògùn ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, mo máa ń kà á sókè fún àwọn apẹja, ẹja gan-an á sún mọ́ etí omi láti gbọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé ni Rọ̀kíbátù. Ó ga, ó dúdú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi pákó ìdí ọkọ̀. Ní gbogbo etí ọ̀sà, kò sí ẹni tó mọ ẹja yan tó o. Ẹja àrọ̀ tó bá jáde nínú ààrò rẹ̀, ẹ lè fi rán ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà kó tún gbé e padà wálé, kò ní yíwọ́. Ṣùgbọ́n ọjà kò fi ẹja sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Alámì ni wọ́n ń pè é, nítorí àmì dúdú kan wà lókè ètè rẹ̀ lápá òsì, ó yọrí roboto bíi wóró ìbẹ́pẹ, irun díẹ̀ sì hù sí i lórí. Láti kékeré ló ti wà níbẹ̀. Kò dùn ún, kò yún un, kò tóbi sí i, kò fà sẹ́yìn. Òun ni àwọn oníbàárà tó ń ti Ìkòròdú wá fi ń wá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá tó ní àmì lẹ́nu ńkọ́?"

Rọ̀kíbátù á na ọrùn sókè láàárín èéfín. "Èmi rèé! Àmì rèé! Ẹja rèé!"

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Waliyah. Ẹja ló fi tọ́ ọ, ẹja ló fi rán an dé yunifásítì. Ọmọ náà bọ́ sí báńkì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó gba ilé sí ẹ̀sítéètì kan ní Ìkòròdú, irú èyí tí sìkiọ́rítì á ti kọ́kọ́ bi yín ní orúkọ bàbá yín kó tó ṣí géètì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbà kí ìyá rẹ̀ gbé ẹja wá mọ́. Ó ní òórùn rẹ̀ ń wọ kọ́tìnì. Tí ìyá bá ń bọ̀, kó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó wọ aṣọ tí kò tíì dé ọjà rí. Rọ̀kíbátù á wẹ̀ títí awọ rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ bó, á wá jókòó sí etí àga lọ́hùn-ún bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́.

Inú ẹ̀sítéètì yẹn ni Waliyah ti rí Fàwáz tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá Fàwáz ń jẹ́ Alhaja Mùlíkátù, obìnrin tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lé ọmọ ọ̀dọ̀ tó pọ̀ ju irun orí mi lọ. Nígbà tó di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Waliyah kò jẹ́ kí wọ́n wá sí Ẹ̀pẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ní ojú ọ̀nà kò dáa. Èmi àti Rọ̀kíbátù la lọ bá wọn ní pálọ̀ wọn ní Ìkòròdú. Wọ́n mú iná lọ, gbogbo wa ń làágùn, Alhaja ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Bí Rọ̀kíbátù ṣe kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí i, Alhaja yọ ojú sí i.

"Ẹ dúró ná, àna wa. Eṣinṣin bà yín lẹ́nu."

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti fi abẹ̀bẹ̀ gbá a lẹ́nu, pá! Ó tún wò ó. "Eṣinṣin yìí lágídí o." Ó tún gbá a, pá! Ó wá tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan án, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Háà! Ara yín ni? Ẹ má bínú o. Mo ṣe bí ó tẹ̀ lé yín láti ibi ẹja ni."

Ilé wó fún ẹ̀rín. Àbúrò Fàwáz rín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Èmi kò rín. Mo fi ojú wo Alhaja náà débi pé kùrukùru bo gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní láti bọ́ ọ nù. Rọ̀kíbátù pàápàá gbìyànjú láti rín. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ. Ó ń wo Waliyah. Waliyah bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí a ń jáde, ọmọ náà sìn wá dé ìdí géètì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yọ nǹkan yẹn."

"Nǹkan wo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà lẹ́nu yín."

"Àmì mi?"

"Wọ́n máa ya fọ́tò lọ́jọ́ yìgì wa. Gbogbo ọ́fíìsì ló máa rí i. Tí ẹ ò bá lè yọ ọ́, kò burú, ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Màá ní kí àǹtí Fàwáz kan bá mi dúró níwájú bí ìyá."

"Èmi tí mo bí ẹ ni màá jókòó sẹ́yìn?"

"Mọ́mì, ẹ má sọ ọ́ di fíìmù. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ jókòó síwájú. Kò le."

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn: kó jókòó síwájú lọ́jọ́ yìgì ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Rọ̀kíbátù kò ronú nǹkan mìíràn. Ó lè máa yí ẹja lórí ààrò, ọwọ́ kejì á wà lókè ètè rẹ̀, á máa fa àmì náà bí ẹni tó fẹ́ já a.

Kúlúsúmù, tí àtẹ wọn kò ju ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ síra, sọ pé òun mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. "Okùn àwọ̀n ni. Okùn ọ̀rá tó tín-ín-rín. Màá so ó pinpin nídìí, ẹ̀jẹ̀ ò ní débẹ̀ mọ́, á kú, á gbẹ, á já bọ́."

"Tó bá já bọ́ sínú ẹja oníbàárà ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé èènì ni."

Mo ní kò sí okùn tí yóò kan ètè náà níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé. Mo sọ fún un pé ọsibítù ló ń lọ, dókítà tó kọ́ṣẹ́ awọ ara. Ó ní òun ń bẹ̀rù. Mo ní èmi ni màá mú un lọ. Bí a ṣe wọ mọ́tò láti Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, a gba Ìtóìkín, a bọ́ sílẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú.

Ẹ̀dá kò sí ní gáréèjì yẹn tí kò rí àmì Rọ̀kíbátù lọ́jọ́ náà. Àgbèrò kan ní, "Màámi, ẹ fa ẹrù tó yọrí lẹ́nu yín wọlé, a fẹ́ ti ilẹ̀kùn!" Nígbà tí a máa fi rìn díẹ̀, ọkùnrin kan tó tẹ́ tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti nawọ́ mú un. Ìgò kékeré ló ń tà, ó ní omi inú rẹ̀ ń jẹ gbogbo àmì ara. Ó kán an sórí ègé pọ̀nmọ́ kan, pọ̀nmọ́ náà hó ṣìì, ó lu sí ìsàlẹ̀.

"Ẹ rí i? Pọ̀nmọ́ gan-an nìyẹn. Awọ tiyín ò sì le tó ti màlúù."

Mo ní, "Kí ló máa dá a dúró tó bá dé eyín?"

"Bàbá, eyín tiyín ti lọ ní tiyín. Ta ló bá yín sọ̀rọ̀?"

Mo dá a lóhùn. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń fi ṣe àpèjúwe ní gáréèjì. Ó palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́, ó kọjá sí òdìkejì títì.

Dókítà tí a bá ń jẹ́ Ìtẹ́olúwa, ọmọbìnrin kékeré tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ẹ̀rọ kan tó ní iná wo àmì ètè náà fínnífínní. Ó bi Rọ̀kíbátù bóyá ó ti yí àwọ̀ padà, bóyá ó ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, bóyá ó ń tóbi, bóyá àpá máa ń wú sókè lára rẹ̀, níbi tí wọ́n ti lu etí tàbí ibi tí wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́. Rárá ni ìdáhùn gbogbo rẹ̀.

"Màámi, èyí ò léwu. Tí ẹ bá fẹ́ kó máa wà níbẹ̀, kó máa wà níbẹ̀."

"Mi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Èyí tó yọrí bíi tiyín, màá fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìrora, màá fi abẹ fá a dọ́gba pẹ̀lú awọ, kò ní gba rírán. Èyí tó bá wọlé jìn, tàbí tí ọkàn mi ò bá balẹ̀ sí, mo máa gé e tìdí-tìdí ni, màá rán an, á fi ìlà sílẹ̀. Ẹ̀rọ oníná tó ń jó o náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kì í ṣẹ́ nǹkan kù fún àyẹ̀wò, ó sì lè ba awọ dúdú jẹ́, èyí tó bá dájú pé kò léwu nìkan ni wọ́n lè fi ṣe. Ohunkóhun tí mo bá gé, inú ìgò ló ń lọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́. Ẹ má so ó o. Ẹ má da nǹkan sí i. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, orí nǹkan náà nìkan ló gé. Tó bá lọ jẹ́ burúkú, ìdí rẹ̀ á máa lọ lábẹ́lẹ̀, àpá á bò ó, a ò ní rí i mọ́."

Mo ní, "Ohun tí mo ti ń sọ fún wọn nìyẹn." Ó wò mí, ó béèrè yunifásítì tí mo lọ. Mo ní ti etí ọ̀sà ni.

Lẹ́yìn náà ló ní kí Rọ̀kíbátù bọ́ bàtà.

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Dókítà, ètè ni mo gbé wá o."

"Ètè lẹ gbé wá, gbogbo awọ yín ni mo fẹ́ wò. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, èyí tó ń pani kì í sábà jókòó sójú. Abẹ́ ẹsẹ̀ ló fẹ́ràn. Àtẹ́lẹwọ́. Abẹ́ èékánná."

Rọ̀kíbátù gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Ní gìgísẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ dúdú kan tẹ́ síbẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò, etí rẹ̀ ṣe wúruwùru bí epo tó dànù sórí omi, apá kan dúdú bí èédú, apá kan pọ́n, ó sì ti sán lójú kan. Dókítà náà gbé iná rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ìgbà wo lèyí ti wà níbẹ̀?"

"Òbòkún ló gún mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará omi. Òbòkún jẹ́ ẹja tó ní ẹ̀gún líle lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó ń bá ẹja ṣe ní Ẹ̀pẹ́ tí kò tíì gún rí. Ibi tó bá gún á dúdú, á sì pẹ́ kó tó parẹ́. Nítorí náà, ní Olúwo, bí ẹ bá rí nǹkan dúdú lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, ẹ kì í béèrè ohun tó jẹ́. Òbòkún ni. Wọ́n á gbóná àdí, wọ́n á fi ra á, wọ́n á na ẹsẹ̀ náà sí èéfín ààrò títí ẹ̀gún tó kù nínú á fi jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìyáńlá wọn nìyẹn.

Dókítà ní, "Ọjọ́ wo ló gún yín?"

"Ta ló ń rántí ọjọ́ tí òbòkún gún un?"

"Ṣebí ó máa ń dun èèyàn débi pé á ké. Ṣé ẹ ké?"

Rọ̀kíbátù ronú. "Bóyá mo ti ń sáré tẹ̀ lé oníbàárà ni. Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó ń fẹ̀ sí i?"

"Díẹ̀."

Dókítà náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ẹsẹ̀ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Màámi, mi ò rò pé òbòkún ni. Ó jọ jẹjẹrẹ awọ. Mi ò ní òun ni, mo ní ó jọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n gé díẹ̀ níbẹ̀ lónìí, ká yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ òun, wọ́n máa gé e kúrò dáadáa, wọ́n á fi awọ itan bò ó. A tètè rí i ni mo fẹ́ kó jẹ́. Mo lè ṣe ètè àti ẹsẹ̀ papọ̀ lónìí."

"Tí ẹ bá gé ẹsẹ̀, ṣé màá lè dúró?"

"Ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ máa fi ọ̀pá rìn."

"Yìgì ọmọ mi ti súnmọ́lé."

"Ẹ lè jókòó níbẹ̀."

Rọ̀kíbátù ní kí n bá òun pe Waliyah. Mo pè é, mo ṣí i síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo ṣàlàyé fún un bí dókítà ṣe ṣàlàyé, kódà mo fi tèmi kún un kó lè yé e.

"Bàbá, ẹsẹ̀ kẹ̀?" Waliyah ní. "Ta ló ń wo ẹsẹ̀? Ṣé wọ́n máa ya fọ́tò abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni?"

"Dókítà ní ó lè pa á."

"Dókítà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mọ́mì ti ń rìn lórí ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ṣé wọ́n kú? Tí wọ́n bá tiro wọ mọ́sálásí, Alhaja á tún fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ojú. Ìgbà tí yìgì bá parí, kí wọ́n lọ ṣe ẹsẹ̀ tó bá wù wọ́n."

Dókítà gba fóònù. "Àǹtí, mo lè ṣe méjèèjì lónìí. Ẹsẹ̀ yìí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe."

"Dókítà, ẹ ṣeun. Ojú ni kẹ́ ẹ ṣe." Ó pa fóònù.

Mo dìde dúró, mo sọ̀rọ̀ fún Rọ̀kíbátù. Àwọn aláìsàn tó wà níta ṣí ilẹ̀kùn láti gbọ́ mi, obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn sunkún. Mo ní kó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ó kàn ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń rín músẹ́ bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

"Bàbá Adéòjó, ẹ mọ ìwé. Ẹ ò mọ òbòkún."

Wọ́n ṣe ètè nìkan. Kò pẹ́ tó kí èèyàn họ ìpẹ́ èpìyà kan. Abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ kọjá, wóró ìbẹ́pẹ bọ́ sínú ìgò. Dókítà ní kó máa fi fasilíìnì pa á, kó má yún un, kó má jẹ́ kí èéfín tàbí ooru ààrò dé ibẹ̀ títí á fi jinná. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ẹnu ọ̀nà. "Màámi, kí ibí yìí tó jinná, kí n ti rí ẹsẹ̀ yẹn." Rọ̀kíbátù ní inṣáláàhù.

Ètè jinná. Ibẹ̀ dán bí ìdí àwo. Èsì àyẹ̀wò náà jáde, ó ní kò sí nǹkan burúkú nínú rẹ̀. Ìyẹn ló wá ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́. Rọ̀kíbátù pe ọjà jọ, ó ń ṣẹ́ ìka. "Wọ́n ti yẹ ara mi wò o! Wọ́n ní kò sí nǹkankan! Dókítà yẹn fẹ́ gé ẹsẹ̀ mi lásán!" Mo ṣàlàyé fún un pé ti ètè ni wọ́n yẹ̀ wò, pé ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ẹsẹ̀ wò. Ó ní ṣé ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́nu ni. Gbogbo ọjà kí i kú oríire. Obìnrin yẹn mọ ẹja nìkan láyé, ìyókù orí rẹ̀, èéfín ló kún inú rẹ̀.

Ọjà náà sì ti ń san án fún un ní tirẹ̀. Àwọn oníbàárà láti Ìkòròdú ń kọjá níwájú àtẹ rẹ̀.

"Ìyá Alámì dà?"

"Èmi rèé."

"Ẹ̀yin kọ́. Ìyá tí mò ń wí ní nǹkan lẹ́nu."

"Mo ti yọ ọ́ ni."

"Ẹ má jí orúkọ olórúkọ o, màámi." Wọ́n á lọ ra ẹja lọ́wọ́ Kúlúsúmù. Kúlúsúmù á tà á fún wọn, kò sì ní la ẹnu sọ pé Rọ̀kíbátù náà ni.

Ọjọ́ yìgì dé. Rọ̀kíbátù jókòó síwájú. Mo rí i fúnra mi, lórí àga olówùú, nínú léèsì tí Waliyah yàn fún un, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Waliyah ra bàtà gogoro fún un, èyí tó bo gìgísẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é láti ya fọ́tò ló ń dìde, ó ń dúró, ó ń rín. Ó ya fọ́tò náà títí ó fi rẹ oníkámẹ́rà. Lẹ́yìn tí lèmọ́ọ̀mù ti ṣàdúà tán, Alhaja Mùlíkátù sún mọ́ ọn, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ra àgbò.

"Ẹnu yín ti mọ́, àna wa. Ó ku òórùn."

Ìyàwó tuntun gbọ́. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí a dé inú mọ́tò tí Rọ̀kíbátù bọ́ bàtà, ẹ̀jẹ̀ dà jáde nínú rẹ̀ bí ẹni da omi nù. Ó nù ún pẹ̀lú ìborùn. Ó ní, "Ẹ rí fọ́tò yẹn? Gbogbo wọn ni mo wà nínú ẹ̀."

Mo ní ká lọ bá dókítà lọ́jọ́ kejì. Ó ní Kúlúsúmù ti gbóná àdí. Wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n na ẹsẹ̀ náà sórí ààrò, Kúlúsúmù fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe wá ẹ̀gún òbòkún nínú rẹ̀, ó ń wá, ó ń wá, Rọ̀kíbátù ń ké, àwọn obìnrin tó kù ń yọ̀ ọ́ lẹ́nu pé ìgbà tó bí Waliyah kò ké tó báyìí. Ẹ̀gún kankan kò jáde. Ohun tó jáde, mi ò ní sọ ọ́, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lọ́wọ́. Ibẹ̀ dégbò. Egbò náà dúdú, ó ń yọrí bí olú. Òórùn rẹ̀ wá lé oníbàárà tó kù lọ. Nígbà tí kókó líle kan yọ síbi tí itan ti so mọ́ ikùn, tí ẹsẹ̀ sì wú dé orúnkún, ó ní kí n mú òun lọ.

Dókítà Ìtẹ́olúwa kò bú u. Èmi ni mo bá a bú u. Ó ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó yẹ, ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ya fọ́tò inú àyà rẹ̀. Wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì fún un ní Ìkòròdú níbẹ̀, ibi tí ilé ọmọ rẹ̀ kò jìnnà sí. Mo pe Waliyah lójoojúmọ́. Ó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà ó ní ara òun kò yá, lẹ́yìn náà ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé màá wá dúró sí géètì wọn, màá sì pariwo orúkọ ìyá rẹ̀ àti ohun tó ń tà títí gbogbo ẹ̀sítéètì á fi jáde, ó wá.

Ó dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Rọ̀kíbátù ti gbẹ bí ẹja tó pẹ́ lórí ààrò. Dókítà wọlé, ó sì sọ ọ́ níwájú gbogbo wa, jẹ́jẹ́, pé ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ti rìn dé inú ẹ̀dọ̀fóró, pé kò sí ibi tí wọ́n á gé tí yóò mú un dúró, pé ohun tó kù ni kí wọ́n má jẹ́ kí ó jẹ ìrora.

Waliyah gbé áńkáṣíìfù kúrò nímú. "Dókítà, ṣé ó máa ń ràn?"

"Kì í ràn."

"Ṣé wọ́n máa ń jogún ẹ̀?"

"Irú èyí kì í sábà wá láti ìdílé. Ṣùgbọ́n kò burú kí ẹ máa wo ara yín."

Kò jẹ́ kí dókítà sọ̀rọ̀ parí. Ó ti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, sórí ibi tí ìyá rẹ̀ na ẹsẹ̀ kejì sí, ó ti tú okùn bàtà rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Nǹkan dúdú kan wà níbí yìí, mo ti ń rí i láti ọjọ́ mẹ́ta."

Mo dúró, mo ń retí pé kí Rọ̀kíbátù bú u. Tó bá ṣe pé èmi ni, màá ti ta á nípàá. Rọ̀kíbátù fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Ó pẹ́ kó tó ní èémí tó máa fi sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ẹ wo àárín ọmọ ìka rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ èékánná."

Dókítà náà wò ó. Ó fi iná wò ó. Ó ní àwọ̀ ìbọ̀sẹ̀ dúdú ló ràn mọ́ ọn, ó fi òwú tútù nù ún, ó parẹ́.

"Alhamdulillah," Rọ̀kíbátù ní, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Waliyah wọ bàtà rẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún, Fàwáz ń dúró de e níta, wọ́n ò fẹ́ kí gosílóò ká àwọn mọ́ ọ̀nà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa sinmi," ó fi ọwọ́ kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Mo sìn ín dé ìdí mọ́tò. Ó ń fi oògùn kan tó ń ta sánsán pa ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé, Rọ̀kíbátù ti kọjú sí ògiri.

"Ṣé ó sunkún lójú ọ̀nà?"

Mo ní kò sunkún.

"Ó dáa," ó ní. "Kò ní í fi ojú pípọ́n délé ọkọ."